Báàgì Ìbímọ Tí Wọ́n Tú

Láti ọjọ́ Sátidé ni Ṣìkẹ́mi ti ń dọ́gbọ́n sí ọmọ inú rẹ̀ kó lè mira. Ó mu omi tútù tó po ṣúgà sí. Ó fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀. Ó fi ìka ti abẹ́ egungun ìhà rẹ̀, níbi tí ẹsẹ̀ ọmọ náà sábà máa ń wà, bí ìgbà téèyàn ń jí ẹni tó ń tòògbé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ kò dá a lóhùn. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ránṣẹ́ sí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní Ìjẹ̀gùn pé ara òun kò yá, ó sì gba ọsibítù tó ti forúkọ sílẹ̀ ní Ìgándò lọ. Òun nìkan ló lọ. Ọmọ́níyì, ọkọ rẹ̀, ti jáde lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún iná mọ́tò ṣe ní Dọ̀pẹ̀mú, Ṣìkẹ́mi kò sì fẹ́ dà á láàmú lórí ohun tó lè jẹ́ pé kì í ṣe nǹkan kan.

Ọkùnrin tó fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀ kọ́kọ́ ń bá a ṣàwàdà. Ó bi í bóyá ó fẹ́ mọ̀ bóyá akọ ni àbí abo. Ṣìkẹ́mi ní rárá, ọkọ òun ní kí àwọn máa retí rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, ọkùnrin náà dákẹ́. Ó tún da ohun yíyọ̀ yẹn sí i níkùn, ó tún wò ó. Ó wá rọra yí ojú ẹ̀rọ náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó ní òun ń bọ̀, ó jáde. Ṣìkẹ́mi dùbúlẹ̀ síbẹ̀, atẹ́gùn fáànù ń fẹ́ sí i níkùn, ó ń gbọ́ ìró bàtà ọkùnrin náà bó ṣe ń lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kí bàtà náà tó padà dé pẹ̀lú bàtà ẹlòmíràn, ó ti mọ̀.

Obìnrin ni dókítà náà, kò sì dàgbà ju Ṣìkẹ́mi fúnra rẹ̀ lọ. Ó fa àga mọ́ra, ó jókòó ti bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ má bínú, mà. Ọkàn ọmọ náà kò lù mọ́."

"Bóyá ó ń sùn ni."

"Kò sùn, mà. A ti wò ó dáadáa."

Wọ́n ṣàlàyé fún un pé ọ̀rọ̀ náà kò gba iṣẹ́ abẹ. Kó padà wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n á fún un ní oògùn tí yóò mú kó rọbí, yóò sì bí ọmọ náà bí gbogbo obìnrin ṣe ń bímọ. Ṣìkẹ́mi ń mi orí sí gbogbo rẹ̀. Ìgbà tó ń jáde lọ ló tó bi nọ́ọ̀sì àgbà kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

"Ṣé kí n gbé báàgì mi wá?"

"Ẹ gbé e wá, mà. Ẹ máa nílò páàdì, ẹ máa nílò ìró."

"Aṣọ ọmọ ńkọ́?"

Nọ́ọ̀sì náà wolẹ̀. "Ìyẹn... ohun tó bá wù yín ni, mà."

Ọ̀nà tó wọ àdúgbò wọn ní Ìjẹ̀gùn ti bàjẹ́ tipẹ́. Láti ìgbà tí oyún náà ti hàn ni Ṣìkẹ́mi ti máa ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níbi tí kòtò ti bẹ̀rẹ̀, á fẹsẹ̀ rin ibi tó kù, ọwọ́ kan lábẹ́ ikùn, ì báà jẹ́ òjò, ì báà jẹ́ oòrùn. Àwọn ọlọ́kadà ojú ọ̀nà yẹn ti mọ̀ ọ́n. Èyí tó gbé e lọ́jọ́ náà dín eré kù, ó sún mọ́ ẹ̀gbẹ́.

"Màdáámù, a ti dé ibi tiyín o."

"Máa lọ," Ṣìkẹ́mi wí.

"Ẹ ò ní sọ̀ ni?"

"Mo ní kó o máa lọ."

Ọkùnrin náà bojú wẹ̀yìn wò ó, ó wá ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọ̀kadà náà ń rì, ó ń ta. Ọwọ́ méjèèjì ni Ṣìkẹ́mi fi di irin ẹ̀yìn mú. Kò fi ọ̀kankan gbá ikùn mọ́ra. Kò sí ohun tí kòtò tún lè ṣe fún un mọ́.

Ilé oníyàrá tó kọjú síra ni wọ́n ń gbé. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé náà, lójú fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, ni Happiness máa ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí. Ọmọ ìpínlẹ̀ Delta ni Happiness, ṣùgbọ́n Ìjẹ̀gùn ni wọ́n ti tọ́ ọ, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì já gaara. Òun náà lóyún. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ti Ṣìkẹ́mi fi ṣáájú tirẹ̀. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ lọ ra nǹkan ọmọ ní Ìkòtún, ara ìgàn kan náà, aláwọ̀ ìyeyè, ni Happiness sì ti gé aṣọ fún ọmọ méjèèjì. Lórí bẹ́ẹ̀dì Ṣìkẹ́mi ni wọ́n ti di báàgì wọn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí wọ́n ń jiyàn lórí ta ni yóò kọ́kọ́ lọ.

"Àǹtí Ṣìkẹ́, ẹ tètè dé lónìí," Happiness wí. Kò gbójú kúrò lára abẹ́rẹ́. "Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní ó ti kú."

Táyà ẹ̀rọ náà ṣì yí díẹ̀ kó tó dúró. Happiness dìde. Ó wá dì mọ́ Ṣìkẹ́mi. Ikùn méjèèjì kò jẹ́ kí ọwọ́ wọn ká ara wọn dáadáa, wọ́n kàn fi orí ti orí, ikùn ti ikùn. Bí wọ́n ṣe dúró bẹ́ẹ̀ ni ọmọ inú Happiness ta ẹsẹ̀. Ṣìkẹ́mi gbọ́ ọ lára ikùn tirẹ̀. Happiness náà mọ̀ pé ó gbọ́ ọ. Ó fà sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ibẹ̀ bí ẹni tó jí nǹkan.

"Ẹ má bínú, Àǹtí," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Kò sóhun tó o ṣe," Ṣìkẹ́mi wí, ó sì wọlé.

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni báàgì náà wà. Ó fà á jáde, ó gbé e sókè, ó ṣí síìpù rẹ̀. Òórùn pọ́dà ọmọdé kọ lù ú nímú. Ó jókòó tì í fún ìgbà díẹ̀ kó tó lè ti ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ó kọ́kọ́ ń ṣe é bí iṣẹ́ ilé. Tirẹ̀ sí ọ̀tún, ti ọmọ sí òsì. Páàdì, ìró, ẹ̀wù àwọ̀sùn, sílípáàsì, wọ́n lọ sí ọ̀tún. Páńpáàsì lọ sí òsì. Fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ tí kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ, òsì. Òróró tí wọ́n fi ń pa ọmọ tuntun lára, òsì. Ṣọ́ọ̀lù funfun, aṣọ aláwọ̀ ìyeyè tí Happiness rán. Dẹ́tọ́ọ̀lù àti òwú, ọ̀tún. Iṣẹ́ náà ń lọ dáadáa títí ó fi kan ike kékeré tí wọ́n fi ń há ìwọ́ ọmọ, nínú ọ̀rá tí wọn kò tíì ya. Ó dì í mú. Kò mọ ẹ̀gbẹ́ tí yóò gbé e sí.

Ibẹ̀ ni Ọmọ́níyì bá a. Lórí fóònù ni Ṣìkẹ́mi ti sọ fún un, ọkùnrin náà kò sì dúró fọ ọwọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ́ìlì dúdú ṣì wà lára rẹ̀ dé ìgúnpá. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń wo nǹkan tó wà lọ́tùn-ún, ó ń wo nǹkan tó wà lósì.

"Ṣé wọ́n ṣì máa lo èyí?" Ṣìkẹ́mi bi í.

"Kí ni?"

"Èyí tí wọ́n fi ń há ìwọ́. Ṣé wọ́n máa ń há ìwọ́ ọmọ tó ti kú?"

Ọmọ́níyì gba ike náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí i wò síwá sẹ́yìn bó ṣe máa ń yí fíúùsì mọ́tò wò, ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ẹkún tó ń sun kò lóhùn. Èjìká rẹ̀ nìkan ló ń mì. Ṣìkẹ́mi ń wò ó. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun lọ bá a, ṣùgbọ́n láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ilẹ̀ jìn sí i lọ́jọ́ náà ju Ìgándò lọ.

Kò pẹ́ tí ìyá Ọmọ́níyì fi dé láti Akówónjò. Agnes lorúkọ ìyá náà, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni, sùtánà rẹ̀ ló sì wọ̀ wá, ẹsẹ̀ lásán, àbẹ́là nínú ọ̀rá lọ́wọ́ kan, ike omi àdúrà lọ́wọ́ kejì. Ọmọ́níyì nìkan ni ọmọ tó bí láyé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti ń pè é ní àgàn kó tó di pé wọ́n gbé e dé ìjọ yẹn. Lẹ́yìn ìwẹ̀ odò àti ààwẹ̀ ló lóyún. Nítorí náà, bí ìyá yìí bá ń sọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́, kò sẹ́ni tó lè bá a jiyàn nínú ilé ọmọ rẹ̀. Ọmọ́níyì fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rí.

Ó wo bẹ́ẹ̀dì. "Ta ló kó aṣọ ọmọ jáde?"

"Èmi ni, Màámi," Ṣìkẹ́mi dáhùn.

"Kí ló dé?"

"Màámi," Ọmọ́níyì wí láti ilẹ̀, "dókítà ní..."

"Mo gbọ́ ohun tí dókítà wí. Ó ti sọ tiẹ̀. Mo ti yà lọ́dọ̀ wòlíì kí n tó máa bọ̀ níbí, wòlíì sì ní ọmọ yẹn ń sùn ni."

Ọ̀rọ̀ náà gún Ṣìkẹ́mi lọ́kàn, nítorí ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ sọ fún dókítà ni. Ìyá àgbà ti gbé ọ̀rá àbẹ́là sílẹ̀. Ó ń ká aṣọ ọmọ ní ìkọ̀ọ̀kan, ó ń kó wọn padà sínú báàgì. Ṣìkẹ́mi na ọwọ́, ó yọ fìlà jáde. Ìyá kó fìlà padà. Ṣìkẹ́mi yọ ṣọ́ọ̀lù. Kò sẹ́ni tó pariwo nínú wọn. Ó pẹ́ díẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀, ọwọ́ méjì tó ń kó wọlé, ọwọ́ méjì tó ń kó jáde, àfi ìgbà tí ìyá di ọwọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀ mú.

"Gbọ́ mi, ìyàwó mi. Tá a bá gbé báàgì òfìfo lọ, òfìfo la máa gbé bọ̀. Mi ò ní kó o gbàgbọ́. Èmi á gbà á gbọ́ fún ẹ. Ìwọ ṣáà jẹ́ kó wà níbẹ̀."

"Màámi, ó ti rẹ̀ mí."

"Mo mọ̀. Jẹ́ kó wà níbẹ̀."

Ó jẹ́ kó wà níbẹ̀. Kì í ṣe pé ó gbà. Agbára tí yóò fi kọ̀ ni kò sí.

Wọ́n tan àbẹ́là. Ìyá àgbà kúnlẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń gbàdúrà, ó ń bu omi náà wọ́n ikùn Ṣìkẹ́mi, títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tó ṣe àmín tán, Ṣìkẹ́mi yí láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì kó lè dìde. Nǹkan rọra yí nínú rẹ̀.

Ó dúró gan-an bó ṣe wà. "Níyì. Ó mira."

Ọmọ́níyì fò dìde, ó gbé ọwọ́ ọlọ́ìlì yẹn lé e níkùn. Wọ́n dúró. Ó tún yí díẹ̀, nǹkan náà tún yí. Ọmọ́níyì gbé ojú sókè wo ìyá rẹ̀, ojú náà sì dà bí ojú ọmọdé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ nínú ìyà. Ìyá dojú bolẹ̀, ó ń dúpẹ́.

Oorun tí wọ́n sùn mọ́jú ọjọ́ kejì ni Ṣìkẹ́mi máa ń rántí jù lẹ́yìn náà, ó sì máa ń fi ṣe ara rẹ̀ ní kàyéfì. Ó sùn dáadáa. Kí wọ́n tó jáde láàárọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló gbé ike tí wọ́n fi ń há ìwọ́ náà sínú báàgì, ó fa síìpù rẹ̀ pa.

Ní ọsibítù, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún un wò. Wọ́n tún un wò. Dókítà obìnrin yẹn jẹ́ kó wo ojú ẹ̀rọ náà lọ́tẹ̀ yìí, ó fi ìka hàn án níbi tó yẹ kí nǹkan ti máa mì. Kò sí ohun tó ń mì.

"Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ," Ṣìkẹ́mi wí. "Ọkọ mi náà gbọ́ ọ. Ó yí."

Nọ́ọ̀sì àgbà tó wolẹ̀ lánàá ló dá a lóhùn. "Omi ló ń gbé e, mà. Tẹ́ ẹ bá yí, òun náà á yí."

Bí wọ́n ṣe pa á lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn.

Wọ́n fún un ní oògùn. Oògùn náà pẹ́ kó tó ràn, ṣùgbọ́n nígbà tó ràn, kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọmọ tó wà láàyè àti èyí tó ti kú. Ẹ̀yìn ń já a, itan ń gbọ̀n. Aṣọ ìdábùú kan ló wà láàárín bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ àti ti obìnrin kan tó ń pe orúkọ ìyá rẹ̀ léraléra. Ọmọ obìnrin yẹn kọ́kọ́ dé. Ṣìkẹ́mi gbọ́ igbe rẹ̀, ó gbọ́ báwọn nọ́ọ̀sì ṣe ń rẹ́rìn-ín pé ọmọ náà ti tọ̀ sí àwọn lára. Ọmọ́níyì, tó di ọwọ́ rẹ̀ mú, fi èjìká dí etí rẹ̀ kan fún un, kò sì lè dí èkejì.

Ní ọ̀sán gangan ọjọ́ kejì ló bí tirẹ̀. Ó ti mọ̀ pé kò ní ké. Síbẹ̀, ó gbọ́ ara rẹ̀ tó ń dúró de igbe náà.

"Obìnrin ni," nọ́ọ̀sì wí. Ó há ìwọ́ rẹ̀, ó gé e, gẹ́gẹ́ bí ti gbogbo ọmọ. Ó wá rọra bi í, "Ṣé ẹ fẹ́ rí i?"

Láti ẹnu ọ̀nà, ohùn ìyá Ọmọ́níyì wọlé. "Rárá, nọ́ọ̀sì. Wọn kì í fi hàn án. Ẹ má fi hàn án."

"Mo fẹ́ rí i," Ṣìkẹ́mi wí.

"Ṣìkẹ́mi, kò dáa. Ojú ẹ á máa rí i."

"Màámi, ẹ jẹ́ kó máa rí i."

Nọ́ọ̀sì fi omi gbígbóná nu ọmọ náà. Ó bi wọ́n bóyá aṣọ wà. Ọmọ́níyì ṣí báàgì, aṣọ aláwọ̀ ìyeyè yẹn ló sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó tóbi fún ọmọ náà. Nọ́ọ̀sì ní láti ká apá rẹ̀ sókè kí ọwọ́ tó lè yọ. Ó dé e ní fìlà, ó gbé e fún ìyá rẹ̀.

Ọmọ náà wúwo. Ìyẹn ló ya Ṣìkẹ́mi lẹ́nu. Ó ti rò pé yóò fúyẹ́. Irun kún orí rẹ̀. Ètè rẹ̀ dúdú ju bó ṣe yẹ lọ, awọ ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń ṣí níbì kan, nọ́ọ̀sì ti fi aṣọ bo ibẹ̀, Ṣìkẹ́mi ṣí i, ó wò ó, ó tún un bò. Èékánná wà ní gbogbo ìka. Ṣìkẹ́mi rọra fi ẹnu kan iwájú orí rẹ̀. Ibẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ṣùgbọ́n ara òun fúnra rẹ̀ ló mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ́níyì tẹ̀ síwájú, ó ń wò ó láìṣẹ́jú.

Ìyá àgbà ti wọlé láìmọ̀ pé òun wọlé. Ó dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì nínú sùtánà tó ti rún, ó ń wo aṣọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó padà sínú báàgì lára òkú ọmọ. "Iwájú orí mi nìyẹn," ó ní. Ó ṣẹnu bí ẹni fẹ́ sọ ohun tí gbogbo èèyàn máa ń sọ. "Omi ló dànù..." Ó yíjú sí ògiri.

Òbí kì í sin ọmọ. Ọkùnrin méjì láti ìjọ ni wọ́n wá gbé e, wọ́n fi ṣọ́ọ̀lù funfun yẹn wé e. Ọmọ́níyì tẹ̀ lé wọn dé ẹnu géètì, wọ́n ní kó padà. Nígbà tí Ṣìkẹ́mi bèèrè ibi tí wọ́n ń gbé e lọ, ìyá ọkọ rẹ̀ ní wọn kì í sọ ọ́ fún ìyá ọmọ.

Nígbà tó dùbúlẹ̀ sínú wọ́ọ̀dù, obìnrin kan tó ń nu ilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó rí báàgì ìbímọ, ó rí ìró tó fi di ikùn.

"Ẹ kú ewu o, Ìyá Ìkókó. Kí lẹ bí?"

"Obìnrin," Ṣìkẹ́mi wí.

"Ọlọ́run á dá a sí, á bá yín kalẹ́."

"Àmín, mà."

Ó ń wo bí obìnrin náà ṣe ń nu ilẹ̀ lọ. Inú rẹ̀ dùn, fún ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn, pé ẹnì kan wà láyé tó gbà pé ọmọ òun wà láàyè.

Nígbà tí wọ́n padà dé Ìjẹ̀gùn, ẹ̀rọ ìránṣọ kò sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́. Àgádágodo wà lẹ́nu ọ̀nà Happiness. Àwọn ará ilé ṣàlàyé láìwojú Ṣìkẹ́mi pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wá mú un lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá, pé kò dáa kí aboyún àti ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ máa jọ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà kọjá. Happiness kò pè é lórí fóònù. Ṣìkẹ́mi náà kò pè é.

Àwọn èèyàn wá kí i. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá, àwọn ará Èkìtì tó mọ bàbá rẹ̀ wá, àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wá. Gbogbo wọn ní omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó ku díẹ̀ kó sọ fún ọ̀kan nínú wọn pé kí ni òun fẹ́ fi agbè ṣe, pé omi náà ni òun ń fẹ́, ṣùgbọ́n obìnrin náà ti dàgbà, ó sì ti fẹsẹ̀ rin ọ̀nà burúkú yẹn wá, ó gbé ọsàn dání. Ṣìkẹ́mi ní kí wọ́n bá òun gba ọsàn náà.

Omú rẹ̀ kún. Kò sẹ́ni tó ti sọ fún un pé yóò kún. Ó le bí òkúta, wàrà ń jò gba búláòsì. Ìyá Ọmọ́níyì, tí kò tíì padà sí Akówónjò, ló ń fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ bí wọ́n ṣe ń wẹ ìyá ọlọ́mọ, ó ń tẹ ikùn rẹ̀, ó ń fi ọ̀já di omú rẹ̀ kó lè gbẹ. Kì í wọ sùtánà mọ́. Lọ́jọ́ ìjọ́sìn, ó jókòó sílé, ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Kí ni wòlíì wí, Màámi?" Ṣìkẹ́mi bi í lọ́jọ́ náà. Kò fi ṣe ẹ̀sín. Ó kàn fẹ́ mọ̀.

Ìyá àgbà ń ṣa ẹ̀wà lọ. "Wọ́n ní ìgbàgbọ́ inú ilé yìí ni kò pé."

"Èmi ni wọ́n ń bá wí."

"Èmi ni wọ́n ń bá wí. Èmi ni mo ní màá gbà á gbọ́ fún ẹ." Ó fẹ́ èèpo ẹ̀wà dànù. "Mo sì gbà á gbọ́, Ṣìkẹ́mi. Kò sí ibi tí mi ò gbà á gbọ́ dé. Mi ò tún mọ èyí tí wọ́n ní ó kù."

Ṣìkẹ́mi fa àwo kan mọ́ra, ó bu nínú ẹ̀wà náà, wọ́n jọ ń ṣà á.

Ọjọ́ tí wọn ì bá sọ ọmọ náà lórúkọ pé. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu kàn án. Ìyá àgbà gbálẹ̀, ó gbé omi kaná, ó jáde lọ ra ata. Ọmọ́níyì múra iṣẹ́, ó wọ bàtà ẹsẹ̀ kan, ó wá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú èkejì lọ́wọ́.

"Lónìí ni," Ṣìkẹ́mi wí.

"Mo mọ̀."

"Kí lo fẹ́ sọ ọ́?"

Ọmọ́níyì ń wo inú bàtà náà. "Mi ò tíì mú kankan. Mo ní kí n kọ́kọ́ rí ojú ẹ̀ ná."

"O sì rí i."

"Mo rí i."

Lẹ́yìn fèrèsé, ẹnì kan ń fa omi kànga, ọmọdé kan ń ka ení, èjì, ẹ̀ta tẹ̀ lé korobá bó ṣe ń bọ̀ lókè. Wàrà ti tún rin ọ̀já àyà Ṣìkẹ́mi. Nígbà tó yá, Ọmọ́níyì wọ bàtà kejì, ó fi ọwọ́ kan orúnkún ìyàwó rẹ̀, ó jáde lọ sí Dọ̀pẹ̀mú. Ṣìkẹ́mi dìde, ó lọ wá búláòsì míì wọ̀.